Orí Ogún Tí Kò Ní Àmì Pupa

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kúulé, ẹ kú ọdún tuntun, ẹ sì kú etí tí kò gbọ́ fóònù mọ́. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" nìkan ni mo ń gbọ́ títí owó orí fóònù mi fi tán. Ni mo bá ní kí n gbé kálàmù. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá nítumọ̀, inú ìwé ló yẹ kó máa gbé.

Ara mi le. Yàrá tí mo kó sí kò tóbi ju ibi tí ẹ máa ń sá aṣọ sí lọ. Ẹ̀rọ tó ń mú un móoru máa ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, mo sì ti dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ń lọ bó ṣe ń lọ. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìròyìn tí mo ní.

Ìyá mi, wọ́n ti ní kí n kọ ìwé kan! Ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá yín ni, òǹkọ̀wé tí ẹ bá tẹ̀wé fún ọdún mọ́kànlá. Ilé ìkàwé wa níbí ló ra gbogbo tákàdá tó fi sílẹ̀ nígbà tó kú, èmi ni wọ́n sì ní kí n tò wọ́n, torí èmi nìkan ló gbọ́ èdè tó fi kọ wọ́n. Ibi tí mo ti ń tò wọ́n ni àwọn kan tó ń tẹ ìwé jáde ti gbọ́ nípa mi. Inú mi dùn débi pé mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. N kò tíì sọ fún wọn pé ìyá mi ló tẹ ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ẹ máa ń sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré pé ojú ọ̀gá ti ń ṣú nígbà ìwé kẹta, pé òun á máa pe ọ̀rọ̀ jáde, ẹ̀yin á máa tẹ̀ ẹ́. Tí orí kan bá parí, ẹ ó kà á sí i létí láti òkè délẹ̀, òun á wá fi pẹ́ńsùlù pupa fa àmì sísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, pé òun ti gbọ́, òun sì fara mọ́ ọn. Mo ti rí àwọn àmì náà. Orí kìíní ní, orí kejì ní, títí dé orí kọkàndínlógún. Orí ogún, tó jẹ́ àkópin, kò ní. Kí ló fà á?

Ẹ bá mi kí Àǹtí Aránṣọ ọ̀rẹ́ yín. Àbúrò olóògbé ni wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ ẹ má tíì sọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó dára ná.

Ọmọ yín,
Akọ̀wé


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Akọ̀wé, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àtijọ́ náà ni mo fi ń dá ọ lóhùn, òun náà ti ń lọ́ra bí orúnkún mi. Orúnkún mi tí o kò béèrè o! Ojú ewé méjì gbáko lo kọ: o béèrè àmì pupa, o béèrè ọ̀gá tó ti kú, o kí Aránṣọ, o kò bi ìyá rẹ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe é. Kò burú. Ó ń dùn mí.

O ní o fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ọkùnrin tó ti kọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ló kù níbẹ̀ tí o fẹ́ kọ? Ilé tó gbé, ó kọ ọ́. Ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó kọ ọ́. Olùkọ́ tó nà án, ó kọ ọ́ tòun ti bí olùkọ́ náà ṣe ń mú ṣòkòtò rẹ̀ tó bá ń rìn. Á yí àwọ̀ ilẹ̀kùn pa dà, á ní ìtàn àròsọ ni. Àwa ládùúgbò kò pè é ní òǹkọ̀wé rí, Baba Atúàṣírí là ń pè é. Bó bá ti yọ lókèèrè, tọkọtaya tó ń jà á dákẹ́ wẹ́lo, kí wọ́n má baà bá ara wọn pàdé nínú ìwé lọ́dún tó ń bọ̀.

N kò ní kí o má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkú ti sùn. Jẹ́ kó sùn.

Aránṣọ wà dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún, aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé okùn mì. Ó ní ojú abẹ́rẹ́ òde òní kéré ju ti àtijọ́ lọ, n kò sì sọ fún un pé ojú tirẹ̀ ló ń kéré. Tèmi náà ń tẹ̀lé e. Bá mi ra awò ojú, nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́ mọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ má bínú. Báwo ni orúnkún? Ṣé ẹ ń fi omi gbígbóná jó o bí dókítà ṣe wí, àbí ẹ ti já dókítà sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Awò ojú wà nínú páálí kékeré tó tẹ̀lé lẹ́tà yìí. Mo ra méjì, torí mo mọ̀ pé ẹ ó jókòó lé ọ̀kan.

Ẹ ní kí òkú sùn. Òkú ọ̀hún gan-an ni kò jẹ́ ká sùn níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pe ìpàdé lórí rẹ̀ nílé ìkàwé wa, díẹ̀ ló kù kí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì fa ara wọn láṣọ ya. Ọ̀kan ní akíkanjú ni, torí ó bọ́ ara rẹ̀ sí ìhòòhò lójú ayé. Èkejì ní aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló bọ́, tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ digbí. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Aránṣọ ni wọ́n sì ń fà.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ lè tún un ṣe níbi tí kò bá ti tọ́. Bàbá wọn ti dùbúlẹ̀ àìsàn tipẹ́, kò lè dá dìde, ọmọ méjèèjì ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá pè títí pé kí wọ́n bu omi fún òun, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó sì kú. Nínú ìwé àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé ní àbúrò òun obìnrin ló wà nílé, pé ó gbọ́ igbe náà, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ìwé náà tà bí omi. Àwọn oníbàárà sá lọ́dọ̀ Àǹtí. Ọkọ àfẹ́sọ́nà wọn kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé ń bi wọ́n lójú ọ̀nà bóyá wọ́n ní omi tútù. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi jìyà yẹn, wọn kò sì lanu sọ̀rọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ìwé kẹta dé, pẹ̀lú orí ogún rẹ̀. Ó ní irọ́ lòun pa, àbúrò òun ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà, òun nìkan lòun wà nílé tí òun ń kọ̀wé. Òun gbọ́, òun ní kí òun parí ojú ewé tó wà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀ sórí: "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, fi orí jì mí." Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù kún pa dà.

Orí ogún yẹn ni ìwé tèmi dúró lé, Ìyá mi. Ọkùnrin tó ba orúkọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́, tó wá dọ̀bálẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Bí mi ò bá parí rẹ̀ nígbà tí oṣù karùn-ún bá parí, olóòtú mi ní òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ẹni tó kórìíra olóògbé dénú egungun. Nítorí náà, mo tún bi yín: kí ló dé tí kò fi àmì pupa sí orí ogún?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kan ti kọjá, n kò rí èsì. Mo pe aládùúgbò yín, ó ní ara yín le, pé ọwọ́ yín dí. Láàárọ̀ àná pàápàá òun ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín láti ẹ̀yìn ògiri. Tí ẹ bá ń tẹ̀wé, kí lẹ ń tẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ mi?

N kò lè jókòó lójú kan mọ́. Láti ojú fèrèsé dé ibi ìwẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni, mo ti mọ ọ́n bí orúkọ mi. Bí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà bá ti yọ ní ìkóríta, mo ti wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Lánàá, ó ní kí n má bínú, pé òun kì í kọ lẹ́tà, òun kàn ń pín in ni.

Nígbà tí ẹ kò dáhùn, mo dá ara mi lóhùn. Mo kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí atẹ̀wé rẹ̀ ka orí ogún sí i létí, omijé kò jẹ́ kó rí pẹ́ńsùlù pupa tó wà lórí tábìlì." Mo ti fi ránṣẹ́. Olóòtú mi ní òun sunkún nígbà tí òun kà á, pé ibẹ̀ ni ìwé náà á parí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.

Akọ̀wé yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Kò sunkún. Èmi ni mo wà níbẹ̀. N kò rí omijé lójú ọkùnrin yẹn fún odidi ọdún mọ́kànlá, àfi ọjọ́ tí ilẹ̀kùn fún un níka. Bó tilẹ̀ sunkún, ṣebí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Á rí pẹ́ńsùlù. Yọ ọ́ kúrò kíákíá.

Awò ojú dé, mo dúpẹ́. Mo ti jókòó lé ọ̀kan.

Aládùúgbò mi kò parọ́. Lẹ́tà mẹ́fà ni mo tẹ̀ sí ọ, mo sì ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Má bi mí nípa orí ogún mọ́. Kọ nípa ìwé méjì àkọ́kọ́, kọ nípa aṣọ rẹ̀, nípa bó ṣe máa ń rìn káàkiri yàrá bó bá ń pe ọ̀rọ̀ jáde, bí ìwọ náà ṣe ń rìn níbẹ̀ yẹn. Ìyẹn náà pọ̀ tó.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà mẹ́fà, ẹ ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé lẹ ti ń ṣe èyí. Tí mo bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi iṣẹ́ ọ̀gá sílẹ̀, ẹ ó ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Tí mo bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò lọ kí i nígbà tó ń ṣàìsàn, ẹ ó ní òjò ń rọ̀. Òjò wo ló rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ?

Ẹ ní kí n yọ ọ́. Kí ni kí n fi síbẹ̀? Mo ti sọ fún olóòtú pé mo ní ẹlẹ́rìí tó wà nínú yàrá náà. Ó bi mí orúkọ ẹlẹ́rìí, mo ní ìyá mi ni. Ó wò mí bí ẹni tó ń tan òun jẹ. Ìyá mi, ìtìjú bá mi. Èmi tí mo ń tú ìgbésí ayé ẹlòmíràn wò, n kò mọ ohun tí ìyá tó bí mi fi pamọ́.

N kò bẹ̀ yín mọ́. Mo ń bi yín ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ tẹ orí ogún?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Akọ̀wé mi,

Lẹ́tà keje rèé. Bí mo bá ti yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ báyìí, mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ni, kí ọwọ́ mi má baà tún ya á.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Kí n tó dé ilé ọ̀gá, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ kọjá. Kò sí aṣọ kan lórí okùn. Ó jókòó, ó ń tú ẹ̀wù ara rẹ̀ láti tún un rán, torí pé kò fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá rí i pé ọwọ́ òun dilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbé ẹ̀rín yẹn dé ìdí ẹ̀rọ mi.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orí ogún, bí "èmi" inú ìwé náà ṣe di ẹrù rẹ̀ tó lọ sí ìrìn àjò. Ló bá dákẹ́ lójijì. Ó dúró sójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Kì í ṣe òun ló wà nílé. Èmi ni." Ó wá ń sọ ọ́ lọ, bó ṣe gbọ́ bàbá wọn, bó ṣe ní kí òun parí ojú ewé. Ìka mi ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, torí ohun tí ìka mi mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Nígbà tó parí, ó yíjú pa dà, ó ní, "Má tẹ ìyẹn. Fà á yọ, kí o ya á." Mo fà á yọ. N kò ya á. Mo ti tákàdá mìíràn bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó pe ìrìn àjò rẹ̀ dópin, mo kà á sí i létí, ó fa àmì pupa sí i.

Èmi ni mo gbé ìdì ìwé náà lọ fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Lójú ọ̀nà, mo wọ ilé, mo yọ ìrìn àjò, mo fi èyí tó ní kí n ya síbẹ̀. Ìrìn àjò náà wà nísàlẹ̀ àpótí mi títí dòní, tòun ti àmì pupa rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọ̀gá jẹ́wọ́, kò bẹ̀bẹ̀. "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, fi orí jì mí," kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Èmi ni mo fi kún un.

Nígbà tí ìwé jáde, tí wọ́n kà á sí i létí, ó ránṣẹ́ pè mí. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Kí n tó dáhùn, àlejò ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ọkùnrin gidi ni. Kò lè ní òun kọ́. Ó gba ìyìn náà, ó gba àmì ẹ̀yẹ, ó sì ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kò kọ ìwé kankan mọ́ títí ó fi kú.

O ti gbọ́ báyìí. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ ọmú tí o mu, má kọ ọ́ títí Aránṣọ á fi lọ. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló fi ń gbé orí sókè. Bí ayé bá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ atẹ̀wé ló ṣe é, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, tòun ti ìjẹ́wọ́. Á tún di ẹni tí kò fún bàbá rẹ̀ lómi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, n kò sì lè gun òkè. Obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ní kí n gbé ẹsẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbàgbé èkejì.

Inú bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí n fi oṣù márùn-ún kọ́lé sórí gbólóhùn tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín tẹ̀, ẹ wá ń bi mí nípa awò ojú. Lẹ́yìn náà mo rántí ẹ̀rín Àǹtí nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, mo sì mọ̀ pé ká ní èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn. Mo fẹ́ràn yín. Inú ṣì ń bí mi.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo sọ ọ́ fún olóòtú, n kò dárúkọ yín. Inú rẹ̀ dùn ju ti ìgbà omijé lọ! Ó fò sókè, ó ní èyí á tà. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fún mi títí di ìparí oṣù keje. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ náà, òun á fi ohun tó wà lọ́wọ́ òun fún ẹlòmíràn kọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà ti jáde, bí mo kọ ọ́, bí n kò kọ ọ́. Ẹ ní kí n dúró dìgbà tí Àǹtí bá lọ. N kò lè máa dúró de ikú èèyàn bí ẹyẹ igún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ṣebí ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a? Ẹ má jẹ́ kó bá Àǹtí lójú ọ̀nà, lẹ́nu àjèjì. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí n má kọ ọ́, n kò ní kọ ọ́, màá dá owó àwọn èèyàn yìí pa dà, màá sì pa dà sídìí pẹpẹ ìwé mi. Mo ṣèlérí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìyá mi, ẹ dákun. Ẹ ti lọ? Kí ni wọ́n sọ? Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilẹ̀ yàrá, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ mi ti fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan péré ti tó mi.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Akọ̀wé, ọmọ mi,

Mo lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń múra àtilọ, orúnkún ni mo ń fi bojú. Nígbà tó yá mo lọ lọ́sàn-án gangan, mo sọ gbogbo rẹ̀ tán lórí ìdúró, mo sì gbé ojú ewé alámì pupa náà lé Aránṣọ lọ́wọ́. Ó ká a, ó fi sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò rí i. Mo ní ó tán, mo ti pa ọ̀rẹ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ló wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kọ mí. Ìwọ náà kọ mí. Ọmọ rẹ tún ń kọ mí lọ́wọ́. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló bi mí léèrè rí?"

Òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún, n kò bi í rí.

Ó ní kí n ti tákàdá bọ ẹ̀rọ. Mo tì í bọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sáré, kò dákẹ́. Ó ní òótọ́ ni pé òun gbé aṣọ lọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òun ti pa dà dé. Òun gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀. Òun jókòó ní yàrá iwájú, òun ń rán apá ẹ̀wù kan tí wọ́n ń dúró dè. Òun gbọ́ nígbà tí bàbá pè. Òun ní ẹ̀gbọ́n òun sún mọ́ ọn ju òun lọ, á dìde. Òun parí apá ẹ̀wù náà.

Ó ní nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, ohun tó pa òun lẹ́nu mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun rí òun ni. Ìgbà tí òun ka orí ogún lòun tó mọ̀ pé kò rí òun, pé irọ́ ló fẹ́ pa, tí irọ́ náà lọ bá òótọ́ pàdé. Inú òun dùn, òun gba ẹ̀bẹ̀, òun gba oníbàárà, òun sì tún pa ẹnu mọ́. Ó ní, "O rò pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń gbé orí mi sókè. N kò lè kà á parí rí."

Nígbà tó dé ibi apá ẹ̀wù yẹn, ọwọ́ mi dúró. Mo wò ó. Mo ní, "Aránṣọ, kò pọn dandan. Kò sẹ́ni tó mọ̀." Ó gbá mi lọ́wọ́ bí ẹni gbá ọmọdé. Ó ní bí mo bá tún gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun kò ní bá mi ṣọ̀rẹ́ mọ́.

Ojú ewé mẹ́rin ni. Mo kà á sí i létí láti òkè délẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ní kí o kọ gbogbo rẹ̀, tèmi, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti tirẹ̀. Wọ́n wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. N kò fi nǹkan kan kún un.

Ìyá rẹ